Ẹ Bi Màmá Tíṣà: Ìwé Conrad, ẹ̀sùn Achebe, àti obìnrin tó ń fọ ṣẹ́ẹ̀tì akọ̀wé owó

Ìbéèrè: Màmá Tíṣà, ẹ kú iṣẹ́ o. Ọmọ Ìbàdàn ni mí, mo ń kẹ́kọ̀ọ́ lítíréṣọ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní Leeds. Wọ́n ní ká ka Heart of Darkness tí Joseph Conrad kọ, kí á sì ka àròkọ tí Chinua Achebe fi bẹnu àtẹ́ lù ú. Nígbà tí a dé kíláàsì, olùkọ́ wa ní Achebe ò ka ìwé náà yé. Ó ní Marlow ló ń sọ̀rọ̀ níbẹ̀, kì í ṣe Conrad, àti pé ìwé tó bú àwọn amúnisìn tó báyẹn kò lè jẹ́ ìwé ẹlẹ́yàmẹ̀yà. Ni gbogbo wọn bá yíjú sí mi, torí èmi nìkan ni aláwọ̀ dúdú níbẹ̀. Mi ò rí nǹkan kan sọ. Kí ni ǹ bá ti sọ? *Akẹ́kọ̀ọ́ kan, Leeds*

Èsì: Ọmọ mi, fọkàn balẹ̀ ná. Kò sẹ́ni tó fi ọ́ ṣe agbẹjọ́rò gbogbo ọmọ Áfíríkà. Owó ilé-ìwé tí ò ń san (ó sì dá mi lójú pé tìrẹ ju tiwọn lọ) kò sí fún kí kíláàsì máa wò ọ́ lẹ́nu nígbàkigbà tí wọ́n bá dárúkọ dúdú. Bí irú rẹ̀ bá tún ṣẹlẹ̀, ìwọ náà yíjú sí olùkọ́, kí o bi í ní ìbéèrè. Màá fún ọ ní ọ̀kan tí wàá bi í kí n tó dákẹ́.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ mú àwọn tí kò tíì ka ìwé náà dání. Kò gùn, èèyàn lè kà á tán lọ́jọ́ Sátidé kan. Apá mẹ́ta ni ó kọ́kọ́ fi jáde nínú ìwé ìròyìn Blackwood's, láti February sí April 1899, kó tó wọnú ìwé ní 1902. Àwọn ọkùnrin kan jókòó nínú ọkọ̀ lójú odò Thames bí ilẹ̀ ṣe ń ṣú lọ, ọ̀kan nínú wọn, Marlow, wá ń ròyìn bí òun ṣe gbaṣẹ́ lọ́dọ̀ ilé-iṣẹ́ kan tó ń kó eyín erin, bí òun ṣe wa ọkọ̀ sítíìmù gòkè odò ńlá kan ní Áfíríkà láti lọ gbé òyìnbó kan tó ń jẹ́ Kurtz. Kurtz yìí ti sọ ara rẹ̀ di òrìṣà mọ́ àwọn ará ibẹ̀ lọ́wọ́. Ó gbé orí èèyàn kọ́ òpó níwájú ilé rẹ̀. Ìwé náà ò dárúkọ Kóńgò, ṣùgbọ́n Conrad fúnra rẹ̀ ti dé Kóńgò ní 1890. Ó fẹsẹ̀ rìn láti Matadi dé Kinshasa, ó wọ ọkọ̀ Roi des Belges dé Stanley Falls, ìyẹn Kisangani òde òní, wọ́n sì gbé òyìnbó aláìsàn kan, Klein, tó kú sínú ọkọ̀ kí wọ́n tó padà dé. Àìsàn gbé Conrad náà ṣánlẹ̀, díẹ̀ ló kù kó bá a lọ. Ní gbogbo àkókò yẹn, láti 1885 títí di 1908, Leopold Kejì, ọba Bẹ́líjíọ̀mù, ló ni Kóńgò. Kì í ṣe ìjọba rẹ̀ o, òun alára ló ni ín, bí ẹní ní oko kòkó.

Ọjọ́ 18 February 1975 ni Achebe dìde ní Yunifásítì Massachusetts ní Amherst, tó ní ẹlẹ́yàmẹ̀yà paraku ni Conrad. Nígbà tí wọ́n kọ́kọ́ tẹ ọ̀rọ̀ náà jáde ní 1977, ó le jù báyẹn lọ, èébú wà lára rẹ̀. Nígbà tó kó o sínú ìwé rẹ̀ ní 1988 ló rọ̀ ọ́ díẹ̀. Ẹ̀sùn tó fi kàn án rèé: Conrad sọ odidi Áfíríkà di ibi tí orí òyìnbó kan ti máa dàrú, bí ìgbà tí kò séèyàn níbẹ̀. Ẹsẹ̀ tó ń jó, ọwọ́ tó ń pàtẹ́, ojú tó ń yí, ìyẹn ni àwọn èèyàn ibẹ̀ jẹ́ nínú ìwé náà. Achebe ka iye ìgbà tí wọ́n sọ̀rọ̀ tó yéni, ẹ̀ẹ̀mejì ló rí. Àkọ́kọ́, olórí àwọn òṣìṣẹ́ ọkọ̀ ní kí wọ́n mú àwọn tó wà létí odò fún àwọn, káwọn jẹ wọ́n. Ìkejì, ọmọ ọ̀dọ̀ kan yọjú lẹ́nu ọ̀nà, ó ní Kurtz ti kú. Ó tán.

Wàyí o, ti pé Marlow ló sọ ọ́, kì í ṣe Conrad. Achebe ti dáhùn ìyẹn, bóyá kí wọ́n tó bí olùkọ́ yín gan-an. Ó ní bí Conrad bá fẹ́ ya ara rẹ̀ sọ́tọ̀ kúrò lára Marlow, kí ló dé tí kò fi sí ibì kankan nínú ìwé náà tí a ti lè fi ojú mìíràn wo ọ̀rọ̀ yìí? Ó tún lọ mú ohun tí Conrad kọ lórúkọ ara rẹ̀ wá, tí kò sí Marlow ńbẹ̀. Conrad ní aláwọ̀ dúdú gìrìwò kan tí òun rí ní Haiti ló fi bí ìbínú ẹranko ṣe ń rí han òun, àti pé fún ọ̀pọ̀ ọdún ni òun fi ń lálàá rẹ̀. Ọ̀rọ̀ èébú ló sì fi pe ọkùnrin náà. Kí ni ọkùnrin yẹn ṣe? Conrad ò sọ fún wa. Ṣùgbọ́n nígbà tí Conrad rántí ọmọ England àkọ́kọ́ tí òun rí lórí òkè Alps, nígbà tí òun ṣì jẹ́ ọ̀dọ́, ẹsẹ̀ ọkùnrin náà lásán, èyí tó hàn lókè ìbọ̀sẹ̀, ó ní ó ń dán bíi mábù, àwọ̀ rẹ̀ bí eyín erin tútù. Ẹsẹ̀ o! Mo máa ń rẹ́rìn-ín nígbàkigbà tí mo bá dé ibẹ̀. Bí olùkọ́ yín bá ní Marlow ni, bi í pé ta ló wá ń wo ẹsẹ̀.

Èyí tó wá ṣòro nínú ọ̀rọ̀ rẹ̀ ni ìdajì kejì: pé ìwé tó bú amúnisìn ò lè jẹ́ ti ẹlẹ́yàmẹ̀yà. Má ṣe fi ìkánjú dá a lóhùn, torí Conrad bú wọn lóòótọ́. Marlow sọ ọ́ ní gbangba pé ohun tí wọ́n ń pè ní ṣíṣẹ́gun ayé, gbígba ilẹ̀ lọ́wọ́ àwọn tí àwọ̀ wọn yàtọ̀ sí tiwa tàbí tí imú wọn tẹ́ díẹ̀ ju tiwa ni, kò sì dáa láti wò bí èèyàn bá wò ó pẹ́. Ibì kan tún wà tí mo fẹ́ kí o là sórí tábìlì fún wọn. Marlow ń fẹsẹ̀ rìn gba àárín ìgbẹ́, abúlé tó dé, òfìfo. Ó wá ń rò ó lọ́kàn pé, ká ní àwọn dúdú kan tó dìhámọ́ra ṣàdédé gba ojú ọ̀nà tó lọ láti Deal sí Gravesend ní England, tí wọ́n ń mú àwọn ará oko lọ́tùn-ún lósì pé kí wọ́n bá àwọn rẹrù, ṣé ó máa pẹ́ kí gbogbo ilé àti oko àgbègbè yẹn tó ṣófo?

Mélòó nínú àwọn òyìnbó tó ń kọ̀wé lórí Áfíríkà nígbà yẹn ló lè yí ọ̀rọ̀ náà po báyẹn, kó fi àgbẹ̀ England sípò ẹni tí wọ́n ń fipá mú rẹrù? Bí mo bá kà á sókè ní kíláàsì nígbà tí mo ṣì ń kọ́ni, àwọn ọmọ a máa pariwo. Ṣùgbọ́n wo orúkọ tó pe àwọn dúdú tó dìhámọ́ra yẹn. Inú gbólóhùn yẹn kan náà ni o. Èébú tí wọ́n á bú ọ nínú bọ́ọ̀sì tí wàá sọ̀kalẹ̀ kó tó débi tí ò ń lọ ni. Ẹnu tó ń gbèjà wa ló fi ń bú wa, kò sì mọ̀ pé òun ń ṣe méjèèjì. Ìdí nìyí tí mi ò fi gba tolùkọ́ yín. Ojú Conrad là sí olè; kò là sí ẹni tí wọ́n jà lólè.

Ibi tí mo ti máa ń fi èyí han àwọn ọmọ mi, ọ̀dọ̀ akọ̀wé owó ni. Marlow ṣẹ̀ṣẹ̀ kúrò lábẹ́ igi tí àwọn òṣìṣẹ́ aláwọ̀ dúdú dùbúlẹ̀ sí, tí ebi àti àìsàn ń pa wọ́n kú lọ ní kọ̀ọ̀kan, níbi tí wọ́n ti ń la ojú irin. Ó fún ọ̀kan nínú wọn ní bísíkíìtì tó wà lápò rẹ̀; ọmọkùnrin náà so òwú funfun mọ́rùn. Bí Marlow ṣe yíjú báyìí, ó pàdé akọ̀wé owó ilé-iṣẹ́: kọ́là gíga tó le gbagidi, ṣòkòtò funfun nini, bàtà tó ń dán, irun tó lọ́ra tí wọ́n pín ní méjì, agboòrùn lọ́wọ́. Marlow ní òun bọ̀wọ̀ fún un. Nígbà tó ṣe, ó bi í bó ṣe ń rí irú aṣọ bẹ́ẹ̀ wọ̀ nírú ibi báyẹn. Ojú ti akọ̀wé náà díẹ̀, ó ní òun ti ń kọ́ obìnrin ibẹ̀ kan ní iṣẹ́ náà. Ó ní kò rọrùn. Ó ní obìnrin náà ò fẹ́ràn iṣẹ́ ọ̀hún.

Kò fẹ́ràn rẹ̀! Ẹ̀yin tí ẹ bá ti ki ṣẹ́ẹ̀tì funfun bọ sítáàṣì rí, tí ẹ fi omi gbígbóná rò ó kó má baà dì, tí ẹ sá a, tí ẹ tún wọ́n omi sí i, tí ẹ wá fi áyọ́ọ̀nù eléèédú lọ̀ ọ́ tí ẹ ń bẹ Ọlọ́run kí eérú má ta sí kọ́là, ẹ mọ ohun tí obìnrin yìí ń kọ̀. Àwọn ọkùnrin ilé rẹ̀ lè wà lábẹ́ igi yẹn. Ọ̀dọ̀ ẹni tó ń fipá mú un ṣiṣẹ́ la ti gbọ́ pé kò fẹ́. Kò lórúkọ, kò yọjú, kò sọ gbólóhùn kan. Conrad gbọ́ ọ, ó kọ ọ́ sílẹ̀, etí rẹ̀ dá ṣáká tó bẹ́ẹ̀, lẹ́yìn náà ó kọjá lọ bá kọ́là tó le. Ìbéèrè tí mo ní kí o bi olùkọ́ yín rèé: ta ló fọ ṣẹ́ẹ̀tì yẹn?

Wọ́n lè dá ọ lóhùn pé ọ̀pọ̀ òyìnbó inú ìwé náà pàápàá ò lórúkọ, pé máníjà, akọ̀wé owó, ẹni tó yẹ kó máa ṣe bíríkì ni Conrad ń pè wọ́n. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n wọ́n ní ipò, wọ́n ń ṣòfófó, wọ́n ń dìtẹ̀ mọ́ra wọn, ẹnu wọn ò dákẹ́. Bákan náà, má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún ọ pé gbogbo aláwọ̀ dúdú ló gbè sẹ́yìn Achebe. Wilson Harris, òǹkọ̀wé ọmọ Guyana, kọ̀wé takò ó ní 1981, ó ní Conrad ń gbógun ti ìgbéraga àwọn òyìnbó láti inú ni. Ka tirẹ̀ náà.

Èmi àti Achebe pàápàá pínyà níbì kan. Ó béèrè bóyá ìwé tó sọ ẹ̀yà èèyàn kan di aláìjámọ́ èèyàn lè jẹ́ iṣẹ́ ọnà ńlá, ó sì ní rárá o. Ní tèmi, ó lè jẹ́ ẹ. Ìwé náà dáa, ó dáa tó bẹ́ẹ̀ tí èébú inú rẹ̀ fi ń wọni lára láìjẹ́ pé èèyàn fura. Ìdí tí mo fi fẹ́ kí wọ́n máa kà á nìyẹn, kí wọ́n sì máa kà á níbi tí ẹnì kan wà tí á dá wọn dúró ní ìdí ọ̀rọ̀ ṣẹ́ẹ̀tì.

Ìbéèrè: Màmá Tíṣà, ẹ fi òkú sílẹ̀ kó sùn. Ẹni tí wọ́n bí ní 1857, báwo la ṣe fẹ́ kó mọ ohun tí a mọ̀ lónìí? Bí gbogbo òyìnbó ayé ìgbà náà ṣe ń ronú nìyẹn. Ọmọ Pólàńdì tí Rọ́ṣíà fojú rẹ̀ gbolẹ̀ ni Conrad, ó mọ ìyà. Bó bá sì jẹ́ òṣùwọ̀n òní la fẹ́ fi wọn èèyàn àná, àwọn bàbá ńlá wa tó ta ẹrú ńkọ́? *Bàbá kan tó ti fẹ̀yìn tì, Abẹ́òkúta*

Èsì: Bàbá, ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Ti àwọn bàbá ńlá wa tó ta ẹrú, ẹ jẹ́ ká bú wọn. Mi ò yọ wọ́n sílẹ̀.

Ti ìyà Conrad, òótọ́ lẹ sọ. Ìjọba Rọ́ṣíà lé àwọn òbí rẹ̀ lọ sí Vologda nínú òtútù, ìyá kú ní 1865, bàbá tẹ̀ lé e ní 1869, ọmọ náà ò tíì pé ọdún 12. Ẹni tí wọ́n gba ilẹ̀ baba rẹ̀ ni. Ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé ìyẹn ló fi tètè gbọ́ òórùn olè ní Kóńgò. Kí n má rẹ́ ẹ jẹ: E. D. Morel, ẹni tó lé Leopold títí Kóńgò fi bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, sọ pé kò sí ohun tí wọ́n tíì kọ lórí ọ̀rọ̀ náà tó lágbára tó ìwé Conrad.

Ibi tí mi ò ti gbà fún yín ni pé bí gbogbo èèyàn ìgbà náà ṣe rí nìyẹn. Bàbá, ẹ gbọ́ èyí. Ọkùnrin kan wà tó ń jẹ́ George Washington Williams, aláwọ̀ dúdú ọmọ Amẹ́ríkà. Ó jagun nígbà ogun abẹ́lé wọn, ó ṣe pásítọ̀, ó ṣe lọ́yà, ó kọ ìwé ńlá lórí ìtàn aláwọ̀ dúdú Amẹ́ríkà ní 1882. Ó dé Kóńgò ní 1890, ọdún kan náà tí Conrad débẹ̀. Ní 18 July ọdún náà, ó jókòó sí Stanley Falls, ó kọ lẹ́tà gbangba sí Leopold. Ìbẹ̀rẹ̀ September ni ọkọ̀ Conrad gúnlẹ̀ síbẹ̀. Èbúté kan náà, odò kan náà, kò ju ọ̀sẹ̀ díẹ̀ lọ láàárín wọn.

Ẹ wá wo ohun tí Williams rí. Ó bá àwọn ará ibẹ̀ sọ̀rọ̀, ó bi wọ́n bí wọ́n ṣe gba ilẹ̀ lọ́wọ́ wọn. Ó kọ ọ́ pé àwọn aṣojú ọba so bátìrì iná mọ́ ara lábẹ́ kóòtù, tó fi jẹ́ pé bí òyìnbó bá bọ baálẹ̀ lọ́wọ́, iná á gbé baálẹ̀, wọ́n á sì ní ẹ wò ó bí agbára òyìnbó ṣe tó. Wọ́n á fi dígí kó oòrùn jọ láti tan sìgá, wọ́n á ní oòrùn ń gbọ́rọ̀ sí àwọn lẹ́nu, pé bí wọ́n bá ní kó jó abúlé, á jó o. Àpótí jíìnì mélòó kan ni wọ́n fi ń ra odidi abúlé. Nínú lẹ́tà Williams, àwọn ará Kóńgò ní ilẹ̀, wọ́n ní olórí, wọ́n ní ẹ̀sùn tí wọ́n ń fi kan ẹnì kan. Ọdún tó tẹ̀ lé e ló kú ní Blackpool, kò tíì pé ọdún 42.

Ọdún 1890 yìí náà ni William Sheppard, míṣọ́nnárì aláwọ̀ dúdú láti Amẹ́ríkà, dé Kóńgò. Ó wọ ilẹ̀ àwọn Kuba, ẹ̀yà kan níbẹ̀, ní 1892, ó rí ààfin, ó rí aṣọ tí wọ́n fi ìko hun tí ọnà rẹ̀ ń dán bí àrán, ó kó lára iṣẹ́ ọnà wọn padà sílé. Nítòsí odò tí Marlow ti rí kìkì igbó àti ariwo ìlù ni o.

Ẹ̀yin ará Abẹ́òkúta lẹ tún wá ń sọ pé wọn ò mọ̀! Ìlú yín ni wọ́n ti ń tẹ Ìwé Ìròyìn lédè Yorùbá ní 1859, nígbà tí Conrad ṣì ń kọ́ ìrìn. Ní 1897, ọdún méjì ṣáájú Heart of Darkness, Samuel Johnson parí ìtàn àwọn Yorùbá ní Ọ̀yọ́, ó fi ránṣẹ́ sí Lọ́ńdọ̀nù. Wọ́n sọ ọ́ nù mọ́ ọn lọ́wọ́. Ó ti kú kí àbúrò rẹ̀, Dókítà Obadiah Johnson, tó tún un kọ láti inú àwọn àkọsílẹ̀ tó kù, 1921 ló sì jáde. Àwọn aláwọ̀ dúdú ń kọ̀wé, Bàbá, lédè Gẹ̀ẹ́sì pàápàá. Ibi tí wọ́n ń ju ìwé wọn sí ni kí ẹ bá mi béèrè.

Ìbéèrè: Ẹ káàsán mà. Ọmọ mi obìnrin, ọmọ ọdún 16, ni wọ́n fún ní Heart of Darkness níléèwé. Tíṣà ka apá kan sókè fún kíláàsì, ó ka ọ̀rọ̀ èébú yẹn jáde bó ṣe wà. Àwọn kan rẹ́rìn-ín. Ọmọ mi ò fẹ́ lọ sí kíláàsì náà mọ́. Ṣé kí n ní kí wọ́n yọ ìwé náà kúrò? *Ìyá kan, Peckham*

Èsì: Ẹ pẹ̀lẹ́ mà, ẹ bá mi kí ọmọ náà dáadáa. Mi ò ní kí ẹ sọ pé kí wọ́n yọ ọ́. Ẹ lọ bá tíṣà náà fúnra yín, ẹ má fi ìwé ránṣẹ́, ẹ má sì lọ pẹ̀lú ìbínú. Nǹkan méjì ni kí ẹ béèrè. Èkíní, kí wọ́n máa fi ojú ka ọ̀rọ̀ yẹn, kí ẹnikẹ́ni má fi ẹnu kà á sókè mọ́; ìtúmọ̀ ìwé náà ò ní í yingin. Èkejì, kí wọ́n ka àròkọ Achebe pọ̀ mọ́ ìwé náà ní kíláàsì, kì í ṣe lẹ́yìn tí ìdánwò bá parí. Ojú ewé rẹ̀ ò pọ̀. Ẹ tún sọ fún wọn pé ọmọ yín kì í ṣe aṣojú Kóńgò, kò tilẹ̀ débẹ̀ rí.

Nílé, ẹ fún un ní Things Fall Apart bí kò bá tíì kà á, kó rí abúlé Áfíríkà tí àwọn èèyàn ibẹ̀ ń jiyàn, tí wọ́n ń ṣe ẹ̀fẹ̀, tí wọ́n ń ṣìwà hù pẹ̀lú. Ẹ bá a wá lẹ́tà Williams tí mo sọ fún Bàbá Abẹ́òkúta, kò nira láti rí, kò sì gùn. Bó bá fẹ́ ya tíṣà rẹ̀ lẹ́nu, kó sọ fún un pé Conrad ní ìwé mìíràn tó jáde ní 1897 tí ọ̀rọ̀ èébú yìí wà nínú orúkọ rẹ̀, àwọn tó tẹ̀ ẹ́ ní Amẹ́ríkà sì yí orúkọ náà padà. Ohun tí wọ́n ń sọ nípa ìdí rẹ̀ ni pé ẹ̀rù bà wọ́n pé òyìnbó ò ní ra ìwé tó dá lórí aláwọ̀ dúdú. Ti pé èébú ni kò bá wọn ró. Ẹ sọ fún un kó kọ̀wé sí mi fúnra rẹ̀, kó kọ ọ́ ní Gẹ̀ẹ́sì bí Yorùbá bá nira fún un, màá dá a lóhùn.

Ìbéèrè: Màmá, mo gbọ́ pé Hubert Ogunde ṣe fíìmù kan pẹ̀lú àwọn òyìnbó, pé ìwé tí wọ́n gbé e jáde láti inú rẹ̀ ni Achebe ò fẹ́ràn rárá. Ṣé òótọ́ ni àbí àhesọ? *Òǹkàwé kan, Ìjẹ̀bú-Òde*

Èsì: Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n kì í ṣe ìwé Conrad. Mister Johnson ni, tí Joyce Cary kọ ní 1939. Cary ṣiṣẹ́ ìjọba amúnisìn ní Àríwá Nàìjíríà, lápá Borgu, ibẹ̀ ló ti kó ìtàn náà. Johnson jẹ́ akọ̀wé ọ́fíìsì láti ìhà gúúsù, ó ń rẹ́rìn-ín ṣáá, ó ń jẹ gbèsè ṣáá, ó fẹ́ràn ọ̀gá rẹ̀ òyìnbó, Rudbeck, ju ara rẹ̀ lọ. Ìgbẹ̀yìn rẹ̀, ó pààyàn, wọ́n dájọ́ ikú fún un, ó bẹ Rudbeck pé òun ni kó yìnbọn pa òun. Ó sì yìn ín.

Ní Yunifásítì Kọ́lẹ́ẹ̀jì Ìbàdàn, ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1950, wọ́n fún Achebe àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ní ìwé yìí láti kà. Òyìnbó tó ń kọ́ wọn gbà pé á wù wọ́n, ìlú wọn ni ó kúkú dá lé lórí. Achebe ròyìn rẹ̀ lẹ́yìn náà pé ọ̀kan nínú wọn dìde, ó sọ fún olùkọ́ náà lójú ara rẹ̀ pé ibì kan ṣoṣo tí òun ti gbádùn nínú ìwé náà ni ibi tí wọ́n ti yìnbọn pa Johnson. Nígbà tí ìwé ìròyìn Time ní Amẹ́ríkà ń kọ ọ́ ní 1952 pé kò sí ìwé ìtàn àròsọ lórí Áfíríkà tó dáa tó o, àwọn ọmọ Ìbàdàn ti dájọ́ tiwọn. Achebe sọ pé ìwé yẹn wà lára ohun tó mú òun bẹ̀rẹ̀ sí í kọ tòun, Things Fall Apart, èyí tó jáde ní 1958. Ẹ ò rí i pé kó tó kan Conrad ní Amherst, ó ti ní ìjà nílẹ̀.

Fíìmù náà jáde ní 1990, Nàìjíríà níbí ni wọ́n ti yà á. Bruce Beresford ló darí rẹ̀, Pierce Brosnan ṣe Rudbeck, Maynard Eziashi ṣe Johnson, ó sì gba àmì ẹ̀yẹ òṣèré tó dára jù ní Berlin ní 1991. Ogunde ṣe Brimah. April 1990 ni ó kú, kò bá a débi tí wọ́n ti ń fi fíìmù náà han aráyé. Àwọn kan ń bi í láàárín ara wọn bí Ogunde, tó ṣe Strike and Hunger láti gbè sẹ́yìn àwọn òṣìṣẹ́ tó da iṣẹ́ sílẹ̀ ní 1945 lábẹ́ ìjọba amúnisìn, ṣe gbà láti kópa nínú rẹ̀. Mi ò rí ohun tó burú níbẹ̀. Iṣẹ́ òṣèré ni. Kò sì fi ara rẹ̀ ṣẹ̀sín: bó bá jókòó, ẹ ó rí i pé ọmọ Ọ̀ṣọ̀sà ló jókòó, kámẹ́rà á kàn dúró tì í. Ẹ wò ó nítorí tirẹ̀. Ẹni tó bá ní ẹ̀dà tó dáa kó fi tó wa létí ní ọ́fíìsì ìwé ìròyìn, kásẹ́ẹ̀tì tèmi ti já.